Ríra Ọkọ̀ Ẹbí Tí A Ti Lò Rí: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tí Ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé

Lẹ́yìn ilé gbígbé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ọkọ̀ wà lára ohun tí ó ń gba owó jù lọ́wọ́ ẹbí. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ẹbí tí ọmọ wọn ti pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ kékeré lè gbà lọ a máa yíjú sí ọkọ̀ oníjókòó méje tàbí mẹ́jọ, irú èyí tí a ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ó ní: bàbá àti ìyá níwájú, àwọn ọmọ láàárín, màmá àgbà àti ẹrù lẹ́yìn. Toyota Sienna ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, àwọn bíi Honda Odyssey sì ń tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti lò nílé níbí. Owó tí a fi ń rà wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ owó àjọ ọdún pípẹ́, tàbí èyí tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní oṣù kejì, gbèsè náà kì í kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àkójọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ìtọ́jú tí ọkọ̀ ti rí sẹ́yìn ni ó ń sọ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ kò tó, dídán ọ̀dà rẹ̀ kò sì tó.

Ohun tí à ń pè ní ọkọ̀ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ Toyota, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Òótọ́ ni pé àwọn ọkọ̀ yìí ní orúkọ rere, pé mẹkáníìkì tí ó mọ̀ wọ́n pọ̀, àti pé ẹ̀yà ara wọn kò ṣòro láti rí ní ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì tí ó jáde lọ́jọ́ kan náà láti iléeṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀kan lásìkò. A ti jẹ́ kí ti èkejì gbẹ. Ọ̀kan kò rí ìjàm̀bá rí. A ti fi ọ̀dà bo àpá èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe fi òǹkà máìlì nìkan ṣe ìdájọ́. Máìlì ni òǹkà ọkọ̀ tí ó wá láti Amẹ́ríkà ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Bí ó bá kọ 100,000, ọkọ̀ náà ti rìn tó kìlómítà 161,000. Àwọn kan a sì máa dá òǹkà padà sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè dàbí èyí tí kò tíì rìn púpọ̀. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, ara ọwọ́ ìdarí, àti etí ìjókòó awakọ̀. Bí gbogbo wọn bá ti jẹ tán tí òǹkà sì ń sọ pé máìlì 60,000 péré ni, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, òǹkà ni ó sì ṣeé ṣe jù. Ọkọ̀ tí ó ti rin máìlì 160,000 tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé sàn ju èyí tí òǹkà rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún tí a ṣe ọkọ̀ àti àìlera tí a mọ̀ mọ́ ọn

Kò sí ọkọ̀ tí kò ní ibi tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí a bá mọ ibẹ̀ ṣáájú, a óò mọ ohun tí a óò béèrè.

Sienna àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, ó sì parí ní 2003. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 onísìlíńdà mẹ́fà ni ó ń lò. Àìlera tí a mọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì yìí ni pé ọ́ìlì lè dì nínú rẹ̀ bí ẹrẹ̀ dúdú. Ní ọdún 2002, iléeṣẹ́ Toyota kéde ètò àkànṣe láti tún àwọn ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣe, èyí tí ó kan àwọn ọkọ̀ ọdún 1997 sí 2002. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tí ó dì mọ́ irin, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Sienna kejì jẹ́ ti ọdún 2004 sí 2010, òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù lójú títì wa. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùrà kò mọ̀. Àwọn ti ọdún 2004 sí 2006 ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.3, tí ó ń lo bẹ́líìtì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní timing belt. Ó yẹ kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí ní máìlì 90,000, èyí tí ó tó kìlómítà 145,000. Bí ó bá já lórí eré, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójijì, inú rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Bí ẹni tí ń ta ọkọ̀ kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé a ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé a kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Láti ọdún 2007, ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 ni ó wà nínú rẹ̀, ṣéènì ni ó sì ń lò dípò bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ọ́ìlì kan wà lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ó lè bẹ́ kí ọ́ìlì sì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wò ó bóyá a ti fi onírin rọ́pò rẹ̀.

Sienna kẹta jẹ́ ti ọdún 2011 sí 2020. Àwọn ti 2011 sí 2014 wà lára ọkọ̀ tí a pè padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ ààbò Takata, èyí tí ó lè bú gbàù kí ó sì fọ́n irin sí ara ẹni tí ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Láti ọdún 2021, gbogbo Sienna ni ó ń lo epo pẹ̀lú iná mànàmáná. Epo kì í tètè tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì ńlá rẹ̀ fẹ́ mẹkáníìkì tí ó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí Sienna tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, tí wọ́n ń kọ AWD sí lẹ́yìn. Irú táyà kan tí ó lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti jò ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn láti iléeṣẹ́, nítorí náà wọn kò ní táyà ìpamọ́. Irú táyà bẹ́ẹ̀ wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ìsọ̀.

Ní ti Honda Odyssey, jíà ni kí ẹ wò dáadáa. Ní ọdún 2004, iléeṣẹ́ Honda pe àwọn ti ọdún 2002 sí 2004 padà nítorí ooru tí ó ń ba jíà wọn jẹ́. Bí ẹ bá sì ń ro ọkọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ládìpọ̀, kí ẹ béèrè iye tí jíà, ṣọ́ọ̀kì àti iná iwájú rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ tí ó pọ́ọ́kú tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà, ọ̀wọ́n gógó ni.

Nọ́ńbà tí kì í parọ́

Gbogbo ọkọ̀ ni ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún ni, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, àti lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí nọ́ńbà ibi méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí a ti ha ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe bá ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú.

Àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà yìí ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀. 4 dúró fún 2004, 7 fún 2007, 9 fún 2009. A dúró fún 2010, B fún 2011, C fún 2012, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ẹni tí ń tà bá ní ọkọ̀ ọdún 2008 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 5, ọkọ̀ 2005 ni ó fẹ́ tà fún yín. Lórí ìkànnì àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ lè tẹ nọ́ńbà yìí láti mọ̀ bóyá ìpè-padà kan wà lórí ọkọ̀ náà tí a kò tíì ṣe. Wọn kì í gba owó fún un.

Àyẹ̀wò kí owó tó yọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ lọ wo ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe nínú òjò tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ lọ, kì í ṣe èyí tí alágbàtà bá yín wá. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà pé kí ó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ó tutù ni ó ń sọ òótọ́. Àwọn ohun wọ̀nyí ni kí ẹ yẹ̀ wò:

1. Ọ́ìlì àti omi. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù nìkan. Omi tí ó pupa bí ìpẹtà irin ń sọ pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń dà sí i.

2. Èéfín. Nígbà tí a bá tan ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn. Èéfín tí ó dàbí aró túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun kíki tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Dúdú túmọ̀ sí pé epo ń jó ju bí ó ti yẹ lọ.

3. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ́ńjìnnì àti ti àpò afẹ́fẹ́ ààbò gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò kú ń sọ àìsàn. Èyí tí kò tàn rárá burú jù, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí a ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí i. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú.

4. Jíà. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti lórí ọ̀nà tí ó já gaara. Bí ó bá ń fò, tí ó ń pẹ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀, tàbí tí ó ń lu gbì nígbà tí a bá fi í sí ẹ̀yìn, jíà ń fẹ́ owó. Jíà a máa dára ní òwúrọ̀ kí ó sì ṣe àìdáa nígbà tí ó bá gbóná. Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú márùn-ún kò fi tó.

5. Ilẹ̀kùn tí ń fà. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, láti inú àti láti ìta, ní ọ̀tún àti ní òsì. Nínú àwọn tí ń fi iná ṣiṣẹ́, okùn wáyà inú rẹ̀ a máa já. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí láti inú lè há àwọn ọmọ mọ́lé nígbà ìjàm̀bá.

6. Abẹ́ ọkọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa da iyọ̀ sí títì láti yọ́ yìnyín, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin. Ní ọdún 2010, Toyota pe àwọn Sienna ọdún 1998 sí 2010 tí wọ́n wà ní irú àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, nítorí pé ìpẹtà lè já okùn tí ó so táyà ìpamọ́ mọ́ abẹ́ wọn, kí táyà sì já bọ́ sójú títì. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

7. Omi àti ìjàm̀bá. Ẹ fa ìgbànú ààbò jáde dé òpin. Bí ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí irin abẹ́ ìjókòó sì dípẹtà, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti bo ọkọ̀ náà rí. Bí àwọ̀ ilẹ̀kùn kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ béèrè ìdí. Bí a bá fi ìwé Amẹ́ríkà rẹ̀ hàn yín tí ọ̀rọ̀ salvage sì wà lórí rẹ̀, iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti sábà kà á sí ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ débi pé owó àtúnṣe rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó yẹ kí a ná lé e lọ.

8. Táyà. Ẹ wá òǹkà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ó dúdú tí ó ń dán lè ti dàgbà ju ọmọ yín tí ó wà ní kíláàsì kẹta lọ.

Tòkunbọ̀ tàbí èyí tí a ti lò nílé?

Tòkunbọ̀ kò tíì rí kòtò ojú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n ẹ kò lè bá ẹni tí ó lò ó sọ̀rọ̀. Èyí tí a ti lò nílé kò wọ́n tó o, ẹ sì lè rí ẹni tí ó ń wà á àti mẹkáníìkì rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Sienna ni a ti fi kó èrò láti ìlú dé ìlú. Àwọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ a máa sọ èyí: lẹ́tà aláwọ̀ aró ni ti ọkọ̀ àdáni, pupa ni ti ọkọ̀ èrò. Ẹ wo ìwé rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí pé a lè pààrọ̀ nọ́ńbà. Ọkọ̀ tí ó ti kó èrò lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin ti ṣe iṣẹ́ tí ọkọ̀ ẹbí kò lè ṣe ní ọdún mẹ́wàá.

Ìṣirò owó

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹbí na gbogbo owó tí ó wà lọ́wọ́ sórí ọkọ̀. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, bí ẹ bá ní ₦6,000,000, ẹ má ṣe wá ọkọ̀ ₦6,000,000. Ẹ wá ọkọ̀ tí kò ju ₦4,800,000 lọ, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú márùn-ún, èyí tí í ṣe ₦1,200,000, pamọ́ fún ìwé, ọ́ìlì, táyà, bíréèkì, bátìrì àti àtúnṣe oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí a rà ní iye tí ó kéré sí agbára wa, tí a sì tún ṣe dáadáa, yóò gbé wa jìnnà ju èyí tí a fi gbogbo agbára rà tí a kò sì ní owó ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ ṣírò epo pẹ̀lú: ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ kékeré, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó.

Ìwé ọkọ̀

Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé lè bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo owó tí ẹ san. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gba ìwé owó bodè, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn Aṣọ́bodè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a wà láti Kútọnu gba ojú títì wọlé láti tà kò lè ní ìwé tí ó bá òfin mu, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dára tó, àwọn Aṣọ́bodè sì lè gbà á níbikíbi.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti lò nílé, orúkọ tí ó wà lórí ìwé nini ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ń tà á, tàbí kí ó mú ìwé àṣẹ ẹni tí ó ni ín wá. Ẹ san owó gba ilé-ìfowópamọ́, kí ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gba ọkọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ọkọ̀ náà dá ṣáájú má baà di tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ MVAA tí ó súnmọ́ yín láti gbé ọkọ̀ sí orúkọ yín, kí ẹ sì mú un lọ sí ibùdó LACVIS fún àyẹ̀wò ìyẹ-lójú-ọ̀nà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni owó ìbánigbófò tí ó kéré jù fún ọkọ̀ àdáni. Èyí tí ó bá kéré sí i tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ayédèrú ni.

Ohun kan tún kù tí ó kan irú ọkọ̀ yìí ní pàtàkì. Láti iléeṣẹ́ ni gíláàsì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dúdú, òfin sì ti wà lórí gíláàsì dúdú láti ọdún 1991. Ẹ béèrè ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ onílé ọkọ̀ ní àsìkò tí ẹ ń rà á, kí ẹ má baà máa ṣàlàyé lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ ti rà á

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíítà rẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tí ó tà á sọ. Ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́, máìlì àti iṣẹ́ tí a ṣe sí i. Ìwé yìí ni yóò sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú. Ẹ rí i pé ìgbànú ààbò ìlà kẹta ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni a sábà máa ń kó àwọn ọmọ sí, ibẹ̀ náà ni a sì kì í sábà yẹ̀ wò. Ìjókòó mẹ́jọ, ènìyàn mẹ́jọ ni. Kì í ṣe mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á kán yín lójú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ó dára yóò dúró de àyẹ̀wò wákàtí méjì, èyí tí kò bá sì lè dúró, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.